Àwọn Ẹsẹ̀ Tí Wọ́n Fi Sílẹ̀ fún Mi

Bàtà ni mo ń rán. Bàbá mi ló kọ́ mi níṣẹ́ náà, nítorí pé àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kò fẹ́ jókòó tì í, èmi sì fẹ́ràn òórùn awọ láti kékeré. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Ibafo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpópónà márosẹ̀, láàrin ọkùnrin kan tó ń ta páànù àti ilé alájà kan tí ṣọ́ọ̀ṣì wà lókè rẹ̀. Mowe ni ilé wa wà. Ẹnu máa ń ya àwọn èèyàn pé obìnrin ló ń rán bàtà níbẹ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti wọ iṣẹ́ mi lẹ́ẹ̀kan, wọn kì í sọ ọ́ mọ́.

Nọ́ọ̀sì kan wà ní àdúgbò wa ní Mowe, a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà. Ifo ló ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó pè mí lórí fóònù, ó ní àwọn àlejò kan ti òkè òkun dé sí Ifo, pé wọ́n ń ṣe ẹsẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ wọn. Àpótí tí wọ́n kó awọ àti bẹ́líìtì wọn sí ni kò tíì kúrò ní èbúté, wọ́n sì ń wá ẹni tó mọ iṣẹ́ awọ dáadáa. Ó ní ọjọ́ kan péré ni. Mo kó abẹ́rẹ́, òwú, ọ̀bẹ àti awọ màlúù tó kù ní ṣọ́ọ̀bù sínú àpò, mo wọ ọkọ̀ mẹ́ta kí n tó dé ibẹ̀.

Gbọ̀ngàn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ni wọ́n ń lò, torí pé àwọn ọmọ wà ní ọlidé. Mo rò pé àwọn dókítà ni n óò bá níbẹ̀. Kì í ṣe dókítà ni wọ́n. Ẹsẹ̀ ni wọ́n ń ṣe, iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ nìyẹn, bí èmi náà ṣe kọ́ bàtà. Mẹ́rin ni wọ́n. Obìnrin ará Íńdíà kan ni olórí wọn, òun àti èmi á jẹ́ ẹgbẹ́, irun iwájú orí rẹ̀ ti ń funfun, kì í sì í jókòó. Nọ́ọ̀sì sọ fún mi pé ìsinmi ọdọọdún tí ibi iṣẹ́ wọn ń fún wọn ni wọ́n fi wá, pé dípò kí wọ́n lọ jókòó sí ilé wọn, wọ́n á wá sí irú ibi báyìí. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mi ò tíì lo ìsinmi kankan fún ẹnikẹ́ni rí láyé mi.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹni tó ti pàdánù ẹsẹ̀ á jókòó, wọ́n á fi aṣọ tí wọ́n rẹ sínú ẹfun, irú èyí tí wọ́n fi ń di egungun tó ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn, wé ibi tí wọ́n ti gé e. Tó bá gbẹ, wọ́n á bọ́ ọ, wọ́n á da ẹfun sínú rẹ̀, kí wọ́n lè rí bí ibẹ̀ ṣe rí gan-an. Orí ẹfun yẹn ni wọ́n á ti na rọ́bà gbígbóná, tí yóò dà bí ife. Inú ife yẹn ni kùkùté ẹsẹ̀ ń wọ̀. Páìpù wà lábẹ́ ife, ẹsẹ̀ rọ́bà tó lè wọ bàtà sì wà lábẹ́ páìpù. Iṣẹ́ tèmi ni bẹ́líìtì tó ń di ife mọ́ itan kó má baà bọ́.

Ọjọ́ kan di ọjọ́ méjìlá. Kí n má purọ́, mi ò gbádùn iṣẹ́ kankan tó bẹ́ẹ̀ rí. Obìnrin ará Íńdíà yẹn máa ń ki ọwọ́ bọ inú ife, á di ojú, á fi ìka wá ibi tó lè ha èèyàn lára. Bí èmi náà ṣe ń ṣe bàtà nìyẹn. Nígbà tí mo ṣe é níṣojú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè mí ní arábìnrin rẹ̀.

Ẹni méjì ló wà lọ́kàn mi jù nínú gbogbo àwọn tó wá. Àkọ́kọ́ jẹ́ ọmọbìnrin kan tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ. Tírélà ló gbá a níbi tó ti ń sọdá títì ní Ibafo, kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù mi. Mo rántí ọjọ́ náà. Mo gbọ́ igbe àwọn èèyàn, mi ò jáde, torí pé mo ti rí irú rẹ̀ púpọ̀ jù lójú ọ̀nà yẹn. Ìyá àgbà rẹ̀ ló gbé e wá sí Ifo lẹ́yìn, bí ẹni gbé ọmọ ọwọ́. Ẹnì kejì jẹ́ ọkùnrin tó ń lẹ táyà létí títì ní Ifo, kò tíì pé ogójì ọdún. Jáàkì ló yẹ̀ tí mọ́tò fi jókòó lé e lẹ́sẹ̀. Ó ní bó bá ti lè dúró, kò sí ohun mìíràn tí òun ń tọrọ, torí pé wọn kì í jókòó lẹ táyà tírélà.

Ọjọ́ tí ọmọ yẹn kọ́kọ́ rìn, gbogbo wa fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti wò ó. Ó di ìyá àgbà rẹ̀ lọ́wọ́ mú fún ìṣísẹ̀ mẹ́ta, lẹ́yìn náà ó já ọwọ́ rẹ̀ gbà, bíi pé ìyá náà ló ń dí òun lọ́wọ́. Mo wo bẹ́líìtì tí mo rán lára rẹ̀, mo sì yíjú sẹ́yìn kí wọ́n má baà rí mi.

Ní ọjọ́ ìkẹyìn, wọ́n kó gbogbo àwọn tó ti gba ẹsẹ̀ jọ sínú gbọ̀ngàn. Olórí wọn sọ̀rọ̀, nọ́ọ̀sì ń túmọ̀ rẹ̀. Ó ní àwọn á padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ó wá ní bí ohunkóhun bá ṣe ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kí ó tó dìgbà náà, kí wọ́n má bẹ̀rù, arábìnrin òun wà níbí, ó mọ iṣẹ́. Ó sì di ọwọ́ mi mú, ó gbé e sókè.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo fẹ́ sọ pé bẹ́líìtì nìkan ni mo mọ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu mi. Ṣùgbọ́n gbogbo ojú wà lára mi, ìyá àgbà ọmọ náà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wúre fún mi lórí ìjókòó rẹ̀, ó ń dárúkọ ọmọ mi àti iṣẹ́ ọwọ́ mi. Mo rẹ́rìn-ín, mo mi orí. Wọ́n kọ nọ́ńbà fóònù mi sórí bébà, wọ́n pín in fún olúkúlùkù. Wọ́n fi àpótí irinṣẹ́ kan lé mi lọ́wọ́, mi ò mọ orúkọ ìdajì ohun tó wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì wọ́n gba pápákọ̀ òfuurufú lọ.

Oṣù méjì àkọ́kọ́ dára. Bẹ́líìtì já, mo rán an. Irin rẹ̀ dípẹtà, mo pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n á wá láti Ifo, láti Akute, ẹnì kan tilẹ̀ wá láti Ṣágámù tó jẹ́ pé ẹnu ni wọ́n fi júwe mi fún un. Wọ́n á kí mi, wọ́n á mú ọsàn tàbí àgbàdo wá, inú mi á dùn. Àwọn oníbàárà mi tó ń wá rán bàtà ló kọ́kọ́ kíyè sí i pé mi ò ráyè tiwọn mọ́.

Lẹ́yìn náà ni ife bẹ̀rẹ̀ ìjàngbọ̀n. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé kùkùté ẹsẹ̀ kì í dúró bó ṣe wà. Bí èèyàn bá ti ń rìn lórí rẹ̀, ó ń fọn. Ife tó bá a mu wẹ́kú lónìí á ṣò lọ́la, ẹsẹ̀ á máa rì sínú rẹ̀, egungun á máa kan ìsàlẹ̀. Wọn ò sọ èyí fún mi, tàbí wọ́n sọ ọ́ tí mi ò gbọ́ ọ. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá pẹ̀lú ìrora. Wọ́n á bọ́ ẹsẹ̀ wọn sórí tábìlì mi, wọ́n á jókòó, wọ́n á máa wò mí. Tí mo bá ní mi ò mọ̀ ọ́n, wọ́n á rẹ́rìn-ín bíi pé mo ń ṣe ìrẹ̀lẹ̀. Ṣé ìṣojú wọn kọ́ ni wọ́n ti gbé ọwọ́ mi sókè?

Mo pe nọ́ńbà òkè òkun tí obìnrin ará Íńdíà yẹn fi sílẹ̀. Ó gbé e lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí n ní sùúrù. Nígbà tó yá, kò gbé e mọ́.

Oṣù mẹ́fà pé, wọn ò wá. Ó di oṣù méje, ó di mẹ́jọ. Mo ti mọ ìró wọn lórí kọnkéré iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ẹsẹ̀ kan á dún, ìkejì á wọ́ tẹ̀lé e. Tí mo bá ti gbọ́ ọ, ìka mi á dúró lórí abẹ́rẹ́. Ṣọ́ọ̀bù yẹn kò fẹ̀, ilẹ̀kùn kan ló ní, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ń gbà wọlé. Ní ọjọ́ Àìkú, wọ́n á bá mi ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ní Mowe lẹ́yìn ìsìn. Nínú ọkọ̀, ẹni tí mi ò mọ̀ rí á fọwọ́ kàn mí lẹ́yìn, á ní, “Mọ́mì, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ń ṣe ẹsẹ̀?” Ó dé ibi tó jẹ́ pé mo ń so ìborí mọ́ orí wálẹ̀ dé ojú kí n tó jáde nílé.

Àárín ìgbà yẹn ni ọmọ mi obìnrin bímọ ní Ìbàdàn, àkọ́bí rẹ̀. Mo ti ra ọṣẹ, mo ti di ẹrù. Ọjọ́ tí mo fẹ́ lọ gan-an ni ìyá kan ti Akute wá pẹ̀lú ife tó ya, ó ní òun ò lè dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ láìsí i. Mo ní kí n kàn tọ́jú èyí kí n tó lọ. Ẹlòmíràn dé ní ọjọ́ kejì. Ìyá ọkọ ọmọ mi ló tọ́ ọmọ náà títí tó fi pé ogójì ọjọ́. Ọmọ mi kò bínú sí mi, ó kàn ṣíwọ́ pípè mí ni. Èyí dùn mí ju kó bínú lọ.

Ọkùnrin tó ń lẹ táyà wá ní ìgbà òjò. Ife rẹ̀ ti ṣò gan-an. Ó ní òun ti ń fi àkísà dí i, pé kí n bá òun fi awọ tẹ́ inú rẹ̀. Mo ní kó dúró de àwọn àlejò. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń dúró. Ó fi ọwọ́ nu ojú, ó ní oníbàárà ń lọ mọ́ òun lọ́wọ́. Mo gé awọ rírọ̀, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ sínú ife ní ibi tí mo rò pé ó ṣófo. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, mo di ojú bí obìnrin ará Íńdíà yẹn ti máa ń ṣe. Ó rí lọ́wọ́ mi bíi pé ó dára. Ó wọ̀ ọ́, ó rìn yí ṣọ́ọ̀bù ká, ó ní ó ti mú òun dáadáa, ó sì lọ.

Orí egungun gan-an ni mo lẹ̀ ẹ́ sí. Awọ náà ń ha á, ó di egbò, ó ń fi aṣọ wé e, ó ń lẹ táyà lọ. Ó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ kí ibà tó dá a dùbúlẹ̀. Nọ́ọ̀sì ló wá sọ fún mi ní ilé. Ó ní wọ́n ti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Abẹ́òkúta, pé àwọn dókítà sọ pé bó bá fi ọjọ́ méjì sí i pẹ́, òkè orúnkún ni wọn ì bá tún gé.

Mi ò rántí ohun tí mo sọ. Mo rántí pé ìrẹsì wà lórí iná, ó sì jóná.

Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì. Mo pa fóònù, mo fa kọ́tìnnì yàrá, mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Bó ṣe rí fún ọ̀sẹ̀ méjì nìyẹn. Tí ẹnikẹ́ni bá kan géètì, bàbá àwọn ọmọ mi á ní mo ti rìnrìn àjò. Díákónì ni, kì í purọ́, mo sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú yàrá bó ṣe ń wúwo tó bá ń sọ ọ́. Kò dá mi lẹ́bi. Ó kàn ń gbé oúnjẹ wá, ó ń kó o padà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó wọlé, ó ní ìyá àgbà kan àti ọmọ kékeré kan jókòó síwájú géètì, pé òun ti sọ fún wọn pé mi ò sí nílé, ṣùgbọ́n ìyá náà ní àwọn á dúró dè mí. Mo gbé etí kọ́tìnnì. Wọ́n jókòó sórí búlọ́ọ̀kù tí a kó síta, ìyá náà ti ṣí gèlè rẹ̀, ó fi í bo ọmọ lórí. Oòrùn kàn wọ́n níwájú, ó yí, ó kàn wọ́n lẹ́yìn, wọn ò dìde. Nígbà tó pẹ́, ọmọ náà dìde láti na ara, mo sì rí i pé ó ti ga. Ẹsẹ̀ tí àwọn àlejò ṣe fún un kò ga pẹ̀lú rẹ̀. Ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí igi tí atẹ́gùn tì, ó sì fi ọwọ́ di ògiri mú bó ṣe ń rìn.

Mo jáde. Ìyá náà wò mí láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò béèrè nípa ìrìn àjò kankan.

Mo ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ẹsẹ̀ yẹn fún mi. Mo ti ba ti ẹnì kan jẹ́. Ó wà ní ilé ìwòsàn.”

Ó ní, “Mo ti gbọ́. Gbogbo Ifo ló ti gbọ́.” Ó tún ní, “Mi ò ní kí o fọwọ́ kàn án. Ìwọ lo mọ obìnrin yẹn. Pè é. Èmi ò gbọ́ èdè rẹ̀.”

Mo sọ fún un pé kò gbé fóònù mọ́. Ó ní kí n pè é títí yóò fi gbé e, pé òun ò ní ibi tí òun ń lọ.

Mo ránṣẹ́ sí nọ́ọ̀sì, ó wá, fóònù tirẹ̀ la lò, torí pé obìnrin ará Íńdíà náà kò mọ nọ́ńbà nọ́ọ̀sì. Ó gbé e ní ẹ̀ẹ̀kẹta. Fídíò ni. Ó jókòó nínú ilé ìdáná, ó ti rù, aṣọ ilé ló wà lọ́rùn rẹ̀. Nígbà tó rí ojú mi, ó fẹ́ pa fóònù, mo rí ìka rẹ̀ tó ń bọ̀. Kò pa á. Mo wá sọ ohun gbogbo fún un, pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì tí mo ní, nọ́ọ̀sì ń ràn mí lọ́wọ́ níbi tó bá ti wọ́. Mo sọ ti ọkùnrin yẹn, ti gọ́ọ̀mù, ti ibi tí mo lẹ awọ sí.

Ó ní àwọn tó ń san owó ìrìn àjò wọn ti jáwọ́. Àìsàn ti dá ìyá òun dùbúlẹ̀, òun nìkan ló ń gbé e dìde. Ó ní kì í ṣe Ifo nìkan, pé ibi mẹ́fà ni òun ti gbé ọwọ́ ẹnì kan sókè bẹ́ẹ̀, tí gbogbo wọn sì ń pè. Abẹ́ ìrọ̀rí ni òun ń ki fóònù bọ̀. Ó wá ní, “Èmi ni mo ṣe é, kì í ṣe ìwọ. Mo fi ọ́ síwájú wọn láì kọ́ ọ.”

Mo gbọ́ ọ, mo sì mọ̀ pé òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ló lẹ awọ yẹn. Mi ò tíì gbé ìyẹn lé ẹlòmíràn lórí títí dòní.

Lẹ́yìn náà ló ní ká gbé ọmọ náà sójú fóònù. Ó ní kó rìn, kó yí padà, kó jókòó, kó bọ́ ọ. Ó ní kí n ki ìka kan sí etí ife kí n sọ bó ṣe fún tó. Ó ní ife náà ṣì ṣeé lò fún oṣù díẹ̀, páìpù ló kúrú. Ó ní kí n ṣí àpótí irinṣẹ́ tí wọ́n fi sílẹ̀, ilé ni mo gbé e sí. Páìpù mẹ́rin tó gùn wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, àwọn tí mo ti rò pé àlòkù ni. Bí a ṣe jókòó sí pálọ̀ nìyẹn, ó ń sọ, mo ń ṣe, ó ní kí n wọn ẹsẹ̀ tó dára láti orúnkún dé ilẹ̀, kí n fi àmì sí i, kí bàbá àwọn ọmọ mi fi ayùn gé e. Ó mú mi tú u lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní ìka ẹsẹ̀ rọ́bà yẹn yà sóde jù. Nígbà tí ọmọ náà wọ̀ ọ́, èjìká rẹ̀ méjèèjì dọ́gba. Ó rìn lọ sí géètì, ó padà, ó béèrè bóyá oúnjẹ wà.

Obìnrin náà kò jẹ́ kí n pa fóònù. Ó ní ohun méjì péré ni kí n máa fọwọ́ kàn, bẹ́líìtì àti páìpù. Mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan inú ife láéláé. Ẹni tó bá ti ní egbò, kí n gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kí n ní kó lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ó mú mi sọ ọ́ padà fún òun bí ọmọ iléèwé. Láàrin ọ̀sẹ̀ yẹn, ó wá ẹnì kan rí fún wa, ọkùnrin kan tó ń ṣe ife ẹsẹ̀ ní ilé ìwòsàn kan ní Èkó. Ó ti tó ogún ọdún tó ti wà níbẹ̀. A ò mọ̀ pé ó wà, òun náà kò mọ̀ pé a wà, kò sì sí ẹni tó béèrè nígbà tí àwọn àlejò ń bọ̀. Òun ló ṣe ife tuntun fún ọmọ náà nígbà tí èyí fún un jù.

Ó pẹ́ kí n tó lè lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń lẹ táyà. Wọ́n ti dá a padà sí Ifo. Mo bá a ní ìdí iṣẹ́, ó jókòó sórí táyà, ọ̀pá ìtìlẹ̀ méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àbúrò rẹ̀ ló ń bá a gbé èyí tó wúwo. Mo kúnlẹ̀. Kò ní kí n dìde. Àwọn èèyàn tó ń kọjá ń wò wá.

Ó ní, “Mọ́mì, mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ ní kí n dúró de àwọn àlejò. Ojú yín gan-an sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ta ni mi ò bá gbé e lọ fún?”

Ó ní àpá ibẹ̀ kò lè gba ife mọ́, àwọn dókítà ti sọ ọ́. Ó ní inú ń bí òun sí mi, pé kò tíì tán, pé tó bá tán òun á sọ fún mi. Ó wá ní kí n dìde, ilẹ̀ náà gbóná. Mo máa ń yà kí i tí mo bá lọ sí Ifo. Nígbà mìíràn á bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa, nígbà mìíràn á kàn dáhùn kíkí.

Mo lẹ bébà mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù pé bẹ́líìtì àti páìpù nìkan, ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìkan. Àwọn kan bínú. Ìyá ti Akute sọ fún mi pé mo ti ń gbéra ga. Ó ṣòro fún mi láti wo ojú rẹ̀ kí n ní rárá, ṣùgbọ́n mo ní rárá, mo sì kọ àdírẹ́sì ti Èkó fún un. Mo lọ sí Ìbàdàn níkẹyìn. Ọmọ ọmọ mi ti ń rìn, ó sá fún mi, ó lọ fara pamọ́ sẹ́yìn ìyá ọkọ ọmọ mi. Mo lo ọjọ́ mẹ́jọ níbẹ̀. Ní ọjọ́ kẹfà ló tó jẹ́ kí n gbé òun.

Ní oṣù tó kọjá, obìnrin ará Íńdíà náà pè mí. Ìyá rẹ̀ ti kú. Àwọn kan tún ti fẹ́ san owó ìrìn àjò wọn, orílẹ̀-èdè Sàró ni wọ́n ń lọ lọ́tẹ̀ yìí, ó sì fẹ́ kí n bá wọn lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí n kọ́ àwọn èèyàn ibẹ̀ ní bí wọ́n ṣe ń rán bẹ́líìtì. Ó ní kò sí ẹni tí òun mọ̀ tó lè ṣe é tó mi. Mo bi í pé ta ló máa kù síbẹ̀ lẹ́yìn tí a bá lọ. Ó ní àwọn ń wá irú ẹni bẹ́ẹ̀. Mo ní kí wọ́n rí i kí n tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, kí wọ́n bá a sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀, kí wọ́n fún un láyè láti ní òun ò fẹ́. Ó ní òun á sọ fún wọn.

Mo ti lọ ya fọ́tò ìwé ìrìnnà. Bàbá àwọn ọmọ mi gbé fọ́tò náà wò, ó ní ojú mi le jù níbẹ̀. Ó wá bi mí pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọjọ́ Ìṣẹ́gun mẹ́ta nìyẹn, kí ni kí òun sọ fún àwọn tó bá wá.